Ẹyin Ìgbín gẹ́gẹ́ bí Atọ́ka Irú Ìgbín: Ẹ̀kọ́ kan láti Ìjẹ̀gùn fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí a ṣe lè fi ẹyin dá irú ìgbín kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Àwọn ìgbín ilẹ̀ tí à ń rí, tí à ń rà, tí a sì ń sìn ní agbègbè Ìjẹ̀gùn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, ni a fi ṣe òpómúléró iṣẹ́ náà. A mẹ́nu ba ìgbín odò àti ìgbín òkun fún ìfiwéra. Àmì márùn-ún ni a gbé yẹ̀ wò: iye ẹyin, ìwọ̀n rẹ̀, èèpo rẹ̀, ibi tí a yé e sí, àti iye ọjọ́ tí ó lò kí ó tó pa. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé àìfiyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹyin kan àti òmíràn lè mú àdánù bá ènìyàn.

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Bóyá nítorí èyí ni ojú gbogbo wa ṣe máa ń lọ sí ara ìkarahun nígbà tí a bá fẹ́ mọ irú ìgbín tí ó wà níwájú wa. Ṣùgbọ́n kí ìkarahun tó di ohun tí a lè fi ojú wò dáadáa, ìgbín ti kọ́kọ́ wà nínú ẹyin. Ẹni tí ó bá lè ka ẹyin náà bí ẹni ń ka ìwé yóò mọ ohun tí ń bọ̀ kí ó tó dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀gùn, ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ mú lára owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó fi ra ọmọ ìgbín láti máa sìn. Ẹni tí ó tà á fún un fi dá a lójú pé ìgbín ńlá ni wọn yóò dà. Ìyá yìí mọ ilé ìgbín sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fún wọn ní ewé ìbẹ́pẹ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n yé, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, ‘Tíṣà, ẹ wá bá mi wò ó.’ Mo wò ó: ẹyin wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ni, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú ihò kan ṣoṣo. Mo kí ìyá kú oríire. Mo ní, ‘Ẹ̀yin Mà, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà yín, ìgbín yín ń bí bí eku ẹdá.’ Ìyá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó sì tún mọ ilé ìgbín méjì kún ti àkọ́kọ́.

Ìgbà tí mo ròyìn ohun tí mo rí fún ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá ni ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, ‘Báwo ni ẹyin náà ṣe tóbi tó?’ Mo fi orí ìka hàn án. Ó mi orí. Ó ní ìgbín tí ìyá náà rò pé òun rà kì í yé ọgọ́rùn-ún, ẹyin rẹ̀ kì í sì í ṣe wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Nígbà tí ọjà dé, àwọn oníbàárà tí ń fẹ́ ìgbín ńlá kò san iye tí ìyá ti fọkàn sí. Ẹyin ti sọ òtítọ́ fún èmi àti ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ìdí rèé tí a fi kọ iṣẹ́ yìí.

2.0 Ìgbín nínú èdè àti àṣà Yorùbá

Ìgbín kì í ṣe àlejò nínú ìrònú Yorùbá. Ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí a fi ń bọ Ọbàtálá, omi inú rẹ̀ ni a sì ń pè ní omi ẹ̀rọ̀, nítorí pé ó tutù. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí, kí ó má baà ṣi ohùn gbé: ìgbín tí ó ní ohùn òkè ní ìparí ni ẹranko, ìgbìn tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ ní ìparí ni ìlù Ọbàtálá. Ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ohun jíjẹ kúrò lára ohun lílù.

Yàtọ̀ sí ìgbín gan-an, àwọn àgbà ní orúkọ bí ìpére àti òkòtó fún àwọn kéékèèké orí ilẹ̀, wọ́n sì ní ìṣáwùrú fún èyí tí à ń kó láti inú omi. Àwọn orúkọ wọ̀nyí fi hàn pé ojú Yorùbá ti ń ya irú kan sọ́tọ̀ kúrò lára irú kejì tipẹ́tipẹ́. Ohun tí kò sí ni orúkọ tí ó ya àwọn ìgbín ńlá mẹ́ta tí a ó jíròrò ní ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ láàrin ara wọn. Lẹ́nu ọlọ́jà, ìgbín ni gbogbo wọn. Inú àlàfo yìí ni ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kó sí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni èdè wa ní lọ́pọ̀. Ìgbín a máa yé ẹyin. Kì í sàba lé e bí adìyẹ. Ilẹ̀ ni ó ń fi í pamọ́ sí títí yóò fi pa. Yé, sàba, pa: mẹ́ta yìí ti tó láti sọ ìtàn ìgbésí ayé ìgbín láìyá ọ̀rọ̀ kankan lò. Ní ti àkójọ ẹyin tí ìgbín kan yé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀wọ́ ẹyin ni a ó máa pè é nínú iṣẹ́ yìí.

3.0 Bí ìgbín ilẹ̀ ṣe ń yé

Ìgbín kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹ̀yà akọ àti ẹ̀yà abo lára. Síbẹ̀, méjì ni ó sábà máa ń pàdé kí wọ́n tó gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè yé lẹ́yìn náà. Ìgbà òjò ni ìgbín fẹ́ràn láti yé. Ní Èkó, òjò a máa pọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, a sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ní àsìkò wọ̀nyí, ilẹ̀ a rọ̀, ìgbín a sì lè walẹ̀. Yóò gbẹ́ ihò tí kò jìn sábẹ́ ewé jíjẹrà tàbí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò yé síbẹ̀, yóò sì fi erùpẹ̀ bò ó.

Ẹyin ìgbín ilẹ̀ tí à ń sọ yìí ní èèpo líle. Èròjà kan náà tí ó wà nínú ẹfun àti nínú èèpo ẹyin adìyẹ ni ó mú un le. Nítorí náà ni àwọn tí ń sìn ín ṣe máa ń fún un ní èèpo ẹyin lílọ̀ tàbí eegun lílọ̀. Nígbà tí ọmọ bá pa, a máa jẹ èèpo ẹyin tí ó ti jáde, kí ìkarahun tirẹ̀ náà lè le.

4.0 Àwọn àmì ìdámọ̀

Àmì márùn-ún tí a dárúkọ nínú àṣamọ̀ kò dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ka iye nìkan lè ṣìnà, nítorí pé ìgbín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé lè yé díẹ̀, oúnjẹ àti ọ̀gbẹlẹ̀ náà a sì máa dín iye kù. Ìgbà tí àmì méjì tàbí mẹ́ta bá fẹnu kò ni a tó lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Iye àti ìwọ̀n tí a lò nísàlẹ̀ bá èyí tí Cobbinah, Vink àti Onwuka (2008) fi sílẹ̀ fún àwọn tí ń sin ìgbín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mu.

4.1 Archachatina marginata

Èyí ni ìgbín ńlá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá sọ pé ìgbín. Ìdí ìkarahun rẹ̀ kò ṣóńṣó. Ó tẹ̀ bọ̀ǹbọ̀ bí orí ìka. Ọ̀wọ́ ẹyin rẹ̀ kò pọ̀: láti 4 sí 18 ni. Ṣùgbọ́n ẹyin náà tóbi. Ó gùn tó mìlímítà 17, ó sì fẹ̀ tó mìlímítà 12, tí a fi lè fi ẹyọ kan ṣoṣo sí àtẹ́lẹwọ́ kí a sì rí i láti òkèèrè. Ó máa ń lò tó ogójì ọjọ́ kí ó tó pa. Ọmọ tí ó bá jáde a ti tóbi díẹ̀, nítorí ẹyin ńlá ni ó ti wá. Ìyá tí ó bí ọmọ díẹ̀ fi oúnjẹ púpọ̀ sínú àpò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

4.2 Achatina achatina

Èyí ni ìgbín tí ìkarahun rẹ̀ ní ìlà dúdú lórí àwọ̀ pupa rúsúrúsú, bí ara ẹkùn ilẹ̀ Éṣíà. Ìdí ìkarahun rẹ̀ ṣóńṣó. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gánà ju bí ó ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ, ṣùgbọ́n ó dé ilẹ̀ Nàìjíríà náà. Ẹyin rẹ̀ a máa tó 30 sí 300 nínú ọ̀wọ́ kan, ó gùn ní mìlímítà 8 sí 9, ó sì fẹ̀ ní mìlímítà 6 sí 7. Bí a bá fi wé ti àkọ́kọ́, ìdajì gígùn rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ó sábà fi ń pa.

4.3 Lissachatina fulica

Orúkọ tí àwọn ìwé àtijọ́ ń lò fún un ni Achatina fulica. Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rin ìrìn-àjò dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ olóoru lágbàáyé, ó sì ti di ará ilé lọ́dọ̀ wa. Ìdí ìkarahun rẹ̀ ṣóńṣó, gbogbo ara rẹ̀ sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀wọ́ ẹyin rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́wàá, ó sì lè tó 400. Ẹyin náà kéré: mìlímítà 4.5 sí 5.5 ni, kò ju hóró ẹ̀wà sọ́yà lọ. Ọjọ́ 11 sí 15 péré ni ó sábà fi ń pa. Ohun tí ìyá àdúgbò wa rí nínú ihò rẹ̀ nìyí: ó wẹ́, ó pọ̀, ó sì yá pa.

Bí a bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òfin kan hàn kedere: bí ẹyin bá ṣe tóbi tó ni iye rẹ̀ ṣe ń dín kù tó, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ń gùn tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá di òfin kan yìí mú kò nílò láti há nọ́ńbà sórí.

4.4 Ẹyin tí kì í ṣe ti àwọn ìgbín ńlá

Nínú ọgbà kan náà ni a ti lè rí ẹyin mìíràn tí ó lè tan ènìyàn jẹ. Ẹyin alángbá a máa wà nínú ilẹ̀, gígùn rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti Archachatina marginata. Ọ̀nà tí a fi ń yà wọ́n ni ọwọ́: èèpo ẹyin alángbá rọ̀ bí awọ, bí a bá rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́ yóò tẹ̀, ti ìgbín le, bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù yóò fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹfun. Ẹyin ọmọńlé le ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ó sábà ń jẹ́, inú pàlàpálá ògiri àti igi ni a sì ti ń rí i. Ìgbín ilẹ̀ tí kò ní ìkarahun, tí ó máa ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́, náà a máa yé. Ẹyin tirẹ̀ mọ́ gaara, kò ní èèpo líle. Nínú ẹbí kan lára wọn, okùn tín-ín-rín a máa so ẹyin náà pọ̀ mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín.

5.0 Ìfiwéra: ìgbín odò àti ìgbín òkun

Nínú omi, ọ̀ràn náà yí padà. Ẹyin kò nílò èèpo líle níbẹ̀, nítorí pé oòrùn kò ní gbẹ ẹ́. Ìgbín odò kéékèèké tí a ń pè ní Bulinus a máa yé ẹyin rẹ̀ sínú ohun rírọ̀ tí ó ń yọ̀ bí ilá, tí ó sì lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ ewé omi. Ìgbín yìí ni kòkòrò àrùn tí ń mú kí ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní àtọ̀sí ajá, máa ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó wọ ara ènìyàn. Theodor Bilharz rí kòkòrò náà ní Cairo ní 1851. Ní 1915 ni Robert Leiper fi hàn ní Íjíbítì pé inú ìgbín ni ó ń gbà. Lọ́dọ̀ wa, àrùn yìí ti bá àwọn ọmọ abúlé tí ó yí adágún omi Ọ̀yán ká, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, fínra láti ìgbà tí a ti ṣí ìdídò náà ní 1983. Kí olùkọ́ má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ yìí lò: ẹyin Bulinus kò gbé kòkòrò náà. Ohun tí ẹyin ń sọ ni pé ìgbín wà nínú omi. Bí ènìyàn tí ó ní àrùn bá wá tọ̀ sínú omi náà ni ewu dé. Nítorí náà, ẹyin abẹ́ ewé jẹ́ ìkìlọ̀ pé kí ọmọdé má ṣe lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tọ̀ síbẹ̀.

Nínú òkun ni iṣẹ́ ọnà ẹyin pọ̀ jù lọ. Àwọn ìgbín òkun kan wà tí wọn kò ní ìkarahun rárá bí wọ́n bá ti dàgbà. Ẹyin wọn a máa wà nínú ọ̀já tí ó ń yọ̀, tí ó lè funfun, kí ó pupa tàbí kí ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Àwọn kan a máa ká ọ̀já náà róbótó mọ́ ara òkúta bí òṣùká. Èyí tí à ń pè ní Hexabranchus sanguineus, ní òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, a máa ká tirẹ̀ bí òdòdó pupa. Aplysia, tí ó wà ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, a máa yé bí okùn tí ó lọ́ mọ́ra bí ẹran ìfun tàbí sùpàgẹ́tì nínú àwo, ẹyin inú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo sì lè lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 1967, Anne Hurst ṣàpèjúwe ọ̀wọ́ ẹyin irú ọgbọ̀n nínú wọn ní etí òkun Pàsífíìkì ti Amẹ́ríkà Àríwá. Bí ọ̀já náà ṣe rí, bí ó ṣe lẹ̀ mọ́ òkúta, àti bí ẹyin ṣe tò sínú rẹ̀ ni ó gbé ìpín rẹ̀ kalẹ̀ lé. Ìlànà kan náà ni èyí tí a lò fún ìgbín Ìjẹ̀gùn: ohun tí ojú rí, ohun tí ọwọ́ kà, àti ibi tí a ti bá a.

6.0 Ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi ṣe pàtàkì

Kì í ṣe ìyá kan ní Ìjẹ̀gùn nìkan ni irú ìgbín ṣe pàtàkì sí. Ní 1966, ọmọdékùnrin kan kó Lissachatina fulica mẹ́ta láti Hawaii wọ Miami ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n sì di èyí tí a tú sínú ọgbà. Láàrin ọdún díẹ̀, wọ́n ti ju 18,000 lọ, owó tí ìjọba sì ná láti pa wọ́n run lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọ̀wọ́ ẹyin tí ó lè tó 400, tí ó ń pa láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ni ó ṣe àlàyé bí mẹ́ta ṣe di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní 2011 a tún rí wọn ní Miami, ìjà náà sì gba ọdún mẹ́wàá gbáko kí a tó kéde ní 2021 pé wọ́n ti tán níbẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ibodè ní pápákọ̀ òfúrufú Los Angeles gba ìgbín ààyè 67 tí a fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n wá ìdáhùn sí ni irú tí ó jẹ́. Archachatina marginata ni a rí pé ó jẹ́. A sun gbogbo wọn níná, nítorí òfin ilẹ̀ náà kò fàyè gba àwọn ìgbín ńlá Áfíríkà láàyè. Ó yẹ kí àwọn ènìyàn wa tí ń rìnrìn àjò mọ̀ pé ohun tí ó jẹ́ oúnjẹ lọ́dọ̀ wa lè jẹ́ ọ̀tá oko lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bákan náà, ìgbín, pàápàá Lissachatina fulica, lè gbé kòkòrò kan tí ó máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀fóró eku, tí ó sì lè wọ ọpọlọ ènìyàn. Nítorí náà, a kì í jẹ ẹ́ ní àìjinná, ọmọdé tí ó bá fọwọ́ kàn án sì gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ.

7.0 Ìlò ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì

Ẹ̀rí ti wà láti 1970, nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí ó sì yé e yékéyéké. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lè tẹ̀ lé ìlànà ìsàlẹ̀ yìí:

(i) Kí ó mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọgbà ilé-ìwé tàbí ilé ìgbín tí ó wà nítòsí ní ìgbà òjò.
(ii) Kí a rọra ṣí erùpẹ̀ kúrò lórí ọ̀wọ́ ẹyin kan, kí a má sì yí ẹyin kankan padà.
(iii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ẹyin, kí ó fi rúlà wọn mẹ́ta, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá.
(iv) Kí a bò ó padà, kí a fi igi sàmì sí i, kí a sì kọ déètì.
(v) Kí a máa padà lọ wò ó títí yóò fi pa, kí a wá fi ìdí ìkarahun ọmọ náà jẹ́rìí sí ohun tí ẹyin ti sọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún yìí ni ó ṣe kókó jù. Òun ni yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé àmì kì í ṣe ẹ̀rí títí a ó fi dán an wò. Olùkọ́ èdè yóò tún rí àǹfààní mìíràn níbẹ̀: ọ̀rọ̀-àpèjúwe bí bọ̀ǹbọ̀, ṣóńṣó, gaara, pẹlẹbẹ àti tẹ́ẹ́rẹ́ yóò di ohun èlò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣiṣẹ́, wọn kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń há fún ìdánwò nìkan mọ́. A sì dábàá pé kí a máa pe Archachatina marginata ní ìgbín bọ̀ǹbọ̀, kí a pe Achatina achatina ní ìgbín abilà, kí a sì pe Lissachatina fulica ní ìgbín ẹlẹ́yin-wẹ́wẹ́, títí àwọn onímọ̀ èdè-ìperí yóò fi fún wa ní èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

8.0 Ìkádìí

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé iye, ìwọ̀n, èèpo, ibùgbé àti ọjọ́ pípa ẹyin jẹ́ atọ́ka tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé bí a bá pa wọ́n pọ̀. A tún fi hàn pé àìní orúkọ tí ó ya irú kan sọ́tọ̀ lára èkejì a máa ná ènìyàn lówó. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, kò ra ọmọ ìgbín mọ́. Àwọn tí ó ti ń yé ni ó lọ rà, ó sì ní kí ẹni tí ń tà á ṣí ilẹ̀ kí òun rí ẹyin kí òun tó sanwó. Mẹ́sàn-án ni ó bá nínú ihò náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn tó ìdajì ìka. Ó pè mí kí n wá wò ó. Ní ọjọ́ náà, mo mú rúlà dání.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ẹyin 12 nínú ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mìlímítà 5. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí ó fi iye nìkan pinnu irú ìgbín tí ó yé e?
2. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàrin yé, sàba àti pa, kí o sì sọ èyí tí kò bá ìgbín mu.
3. Báwo ni o ṣe lè fi ọwọ́ ya ẹyin ìgbín kúrò lára ẹyin alángbá?
4. Béèrè orúkọ ìgbín kéékèèké lọ́wọ́ àgbà méjì tí wọ́n wá láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì fi ìdáhùn wọn wéra.